Kí ló dé tí ìléròrò ètè máa ń tẹ̀lé ibà? Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · Sátidé, 7:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Mi ò mọ̀ bóyá abala ìlera ló yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí sí tàbí abala tọkọtaya, torí ó kan méjèèjì.

Láti ìgbà tí a ti kó wá sí Abuja, ibà ti mú mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ni ìléròrò wẹ́wẹ́ yọ sí mi létí ètè, ojú kan náà, lápá òsì nísàlẹ̀ imú. Kó tó yọ, ibẹ̀ á kọ́kọ́ máa yún mi, á máa ṣe mí wìnnìwìnnì bí ẹsẹ̀ tó kú. Lọ́jọ́ kejì omi á kún un. Tó bá di ọjọ́ kẹrin á bẹ́, á di èépá. Ìyá Hausa tí a jọ wà ní kọ́mpáùn ní zazzaɓi, ìyẹn ibà, ló ń jáde lára mi bẹ́ẹ̀, pé ó dáa bó ṣe jáde. Èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Àfi bí ọkọ mi ṣe lọ ka nǹkan lórí fóònù. Ó ní herpes ni wọ́n ń pè é, pé ẹnu ni wọ́n fi ń kó o, ó wá bi mí pé ẹnu ta ni. Ọdún kọkànlá rèé tí a ti fẹ́ra. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé òun ò rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ jọ̀ọ́: ṣé lóòótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ló kan ibà níbẹ̀?

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa · 7:40 àárọ̀

Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá Ìbejì. Bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yẹn, herpes irú kìíní ni, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní HSV-1. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì pé àjọ WHO ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.8 ènìyàn tí ọjọ́ orí wọn kò tó 50 ló ní in lára, ìyẹn 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Púpọ̀ nínú wọn, kékeré ni wọ́n ti kó o. Itọ́ ni. Àǹtí tó fẹnu ko ọmọ lẹ́nu, ṣíbí kan tí ẹni mẹ́ta fi jẹun. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá àgbà tó ń bá yín rún ẹran lẹ́nu kó tó fún yín jẹ ló fi ta yín lọ́rẹ.

Tó bá ti wọlé, iṣan ìmọ̀lára ojú ló máa ń gbà lọ. Á lọ jókòó sí kókó iṣan kan nínú agbárí, nítòsí etí, á sùn síbẹ̀ títí ayé. Tó bá máa jáde, ọ̀nà tó gbà lọ náà ló ń gbà bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń yọ sójú kan náà.

Nígbà tó bá wà níta, ẹ má fẹnu ko àwọn ọmọ. Ẹ má sì fi ọwọ́ tó kàn án nu ojú o. Ti ẹyinjú kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Alágbo_Nyanya · 7:58 àárọ̀

Mo ní àgbo tó máa fọ̀ ọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ 21. Ẹ pè mí lórí [alábòójútó ti yọ nọ́ńbà yìí]

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa · 8:03 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, kò sí nínú ẹ̀jẹ̀. Inú iṣan ló sùn sí. Kí wá ni àgbo ń wá nínú ẹ̀jẹ̀?

Bàbá_Sábó_Kánò · 8:31 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ gbogbo ilé. Ọmọ mi nọ́ọ̀sì, o káre. Ṣùgbọ́n o ní ó sùn. Ta ló ń jí i? Ibà kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀fọn ló ń gbé ibà wá. Báwo ni ohun tó sùn sínú agbárí ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀fọn ti jẹ èèyàn?

Tẹ́líkọ̀m_Wuse · 8:35 àárọ̀

Ìbéèrè bàbá yìí ni mo fẹ́ gbọ́ ìdáhùn sí. Mo jókòó.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 10:20 àárọ̀

Mo kí ẹ̀yin àgbà. Zaria ni mo wà, iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ yìí rárá. Yóò gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí àrokò. Kí ìwé tó dé, ọba á di owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀, á gbé e fún ilàrí, ìránṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi rán sí á tú u, á mọ̀ pé ogun ń bọ̀ tàbí pé wọ́n ń pe òun. Sẹ́ẹ̀lì, ẹyọ kéékèèké tí ara wa fi mọ, náà ò lẹ́nu, àrokò ló fi ń sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dì sínú rẹ̀ jù lọ ni phosphate, èròjà kékeré kan. Purotéènì ni òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì: ọ̀kan á lẹ phosphate mọ́ èkejì lára, èkejì á ta jí, á lọ lẹ tiẹ̀ mọ́ ẹ̀kẹta, títí ọ̀rọ̀ á fi dé yàrá tí DNA, ìwé àṣẹ sẹ́ẹ̀lì, wà. Àwọn tó ń lẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ń pè ní kinase. Àwọn tó ń ṣí i kúrò ni phosphatase.

Tí fáírọ́ọ̀sì bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀nà tó ń gbà mọ̀. Bí àpẹẹrẹ, DNA kì í jáde kúrò nínú yàrá rẹ̀. Tí purotéènì kan tó ń jẹ́ cGAS bá pàdé DNA níta, á ké sí èkejì rẹ̀, STING, ilé á dàrú, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe interferon, igbe ìkìlọ̀ rẹ̀. Isaacs àti Lindenmann ló kọ́kọ́ rí interferon yìí ní 1957. Kì í fi bẹ́ẹ̀ gba sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é là, àwọn aládùúgbò ló wà fún. Aládùúgbò á gbà á lẹ́nu ọ̀nà, kinase kan tó ń jẹ́ JAK á lẹ phosphate mọ́ ońṣẹ́ tó ń jẹ́ STAT, STAT á sáré wọ yàrá DNA, ọgọ́rọ̀ọ̀rún jíìnì, ìyẹn àṣẹ inú DNA, á sì ṣí láti gbára dì.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbára dì náà ni PKR. Iṣẹ́ tiẹ̀ burú, ṣùgbọ́n ó dáa. Tó bá ti fura pé àlejò wà nínú ilé, á lẹ phosphate mọ́ eIF2-alpha, purotéènì tó ń dáná fún ìdáná sẹ́ẹ̀lì, ilé ìdáná á sì tì pa. Sẹ́ẹ̀lì ò ní lè se purotéènì kankan mọ́. Fáírọ́ọ̀sì ò ní ìdáná tirẹ̀, nítorí náà ebi á pa onílé, á pa àlejò.

Ohun tí HSV-1 wá ṣe rèé, ibi tí mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ó ní purotéènì kan tó ń jẹ́ ICP34.5. Kò bá PKR jà rárá. Inú ilé náà ló ti mú phosphatase kan tó ń jẹ́ PP1, ọmọ ilé gidi, ó fà á lọ́wọ́ lọ sídìí eIF2-alpha, ó ní kó ṣí phosphate yẹn kúrò. Ọmọ ilé ṣí i. Iná bọ́ sábẹ́ ìkòkò padà. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ti Bàbá Sábó ṣì wà lọ́rùn mi, mò ń bọ̀. Wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì mi sì ti pupa.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · 10:44 àárọ̀

Àbúrò, o ṣeun. Mo ti ka ti PP1 yẹn fún ọkọ mi. Ó ní "ọmọ ilé ló ṣí i, àbí?" ó tún wojú mi. Tètè padà wá.

Tẹ́líkọ̀m_Wuse · 11:15 àárọ̀

Ohun tó ń sọ yìí ò yàtọ̀ sí àwọn tó ń gba síìmù onísíìmù. Wọn ò fọ́ báńkì. Wọ́n kàn sọ ara wọn di ẹni tí báńkì ń bá sọ̀rọ̀, kóòdù á sì wọlé sọ́dọ̀ wọn. Ṣé ọ̀kan wà nínú àwọn herpes yìí tó ń gbé òpó tirẹ̀ kalẹ̀?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 1:05 ọ̀sán

Ó wà, ẹ̀gbọ́n. Mẹ́sàn-án ni herpes tí èèyàn ń kó, ẹ ò kàn mọ orúkọ wọn ni. Èyí tó gbé òpó kalẹ̀ ni CMV. Ó ní purotéènì kan, US28, tó máa ń rì mọ́ ojú sẹ́ẹ̀lì bí ẹni pé ara ilé ni. Chemokine ni ìkéde tí ara fi ń pe àwọn ọmọ ogun, US28 á máa gbé e mì. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu ni pé kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá pè é, ó ṣì ń ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì. Agogo tó ń dún láìsí ẹni tó lù ú.

EBV, ọ̀kan mìíràn nínú wọn, náà ní agogo bẹ́ẹ̀, LMP1 lorúkọ rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì B, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa, ní ilẹ̀kùn kan tó ń jẹ́ CD40. Tí sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun mìíràn tó láṣẹ, bá kàn án, ìtumọ̀ rẹ̀ ni "máa gbé, máa pọ̀ sí i". LMP1 ń ṣe bíi CD40, àmọ́ kò dúró de kí ẹnikẹ́ni kan ilẹ̀kùn. Àwọn LMP1 fúnra wọn á ṣù jọ sójú awọ sẹ́ẹ̀lì, NF-κB, purotéènì tó ń ṣí jíìnì ìyè, á jí, sẹ́ẹ̀lì á kọ̀ láti kú. EBV tún máa ń fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà "ẹ fara balẹ̀, kò sí ogun": ó ní IL-10 tirẹ̀, tó jọ tiwa débi pé àwọn ọmọ ogun ń gbà á gbọ́. Ilàrí gidi ni ẹ̀ ń rí yẹn, ó fá orí lápá kan bó ṣe yẹ. Ọba kọ́ ló rán an ni.

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa · 1:22 ọ̀sán

EBV yẹn ni ti àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú. Mo tọ́jú ọ̀kan nígbà tí mo wà ní Jos, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyá rẹ̀ rò pé eyín ló ń dà á láàmú. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ojú kan ti fẹ́ẹ̀ jáde. Mi ò gbàgbé rẹ̀. LMP1 ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ àbí?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 1:50 ọ̀sán

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀, torí inú ìwé gan-an ni wọ́n ti máa ń da méjèèjì pọ̀. Jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Burkitt nìyẹn. Uganda ni Denis Burkitt ti kọ nípa rẹ̀ ní 1958, inú irú kókó bẹ́ẹ̀ sì ni Epstein, Achong àti Barr ti rí EBV ní 1964. Ṣùgbọ́n nínú Burkitt, LMP1 sábà máa ń dákẹ́. EBNA1 nìkan ló sábà ń sọ̀rọ̀ nínú àwọn purotéènì fáírọ́ọ̀sì náà. Ohun tó ń sáré níbẹ̀ ni jíìnì èèyàn fúnra rẹ̀, MYC, tó já kúrò lójú ibi tó wà tó lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí iná kì í ti í kú. Ibà ẹlẹ́fọn sì lọ́wọ́ sí i: ibi tí ibà bá ti pọ̀ láti ọdún dé ọdún ni Burkitt ti pọ̀, torí ibà ń mú kí sẹ́ẹ̀lì B máa pọ̀ ṣáá, ó sì ń rẹ àwọn ọmọ ogun tó ń ṣọ́ EBV. Àrùn Hodgkin àti jẹjẹrẹ ẹ̀yìn imú ni ẹ ti máa gbúròó LMP1.

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa · 1:54 ọ̀sán

Ó yé mi. O ṣeun, àbúrò.

Bàbá_Sábó_Kánò · 2:10 ọ̀sán

Ẹ ti lọ sí Uganda, ẹ ti padà dé. Ta ló ń jí i?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 3:37 ọ̀sán

Ẹ má bínú sà 😂

Kò sẹ́ni tó ń jí i, bàbá. Òun ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé.

Iṣan tó sùn sí yẹn máa ń gba àrokò àlàáfíà ní gbogbo ìgbà. NGF lorúkọ ẹni tó ń fi ránṣẹ́, ọ̀nà PI3K àti Akt ló ń gbà wọlé. Níwọ̀n ìgbà tí àrokò yẹn bá ń dé, fáírọ́ọ̀sì á wà lórí ẹní. Nínú ilé ìwádìí, tí wọ́n bá gé NGF kúrò lára iṣan eku, tàbí tí wọ́n bá dí PI3K lọ́nà, ó ń jí.

Apá kejì ni ti wàhálà. Tí ara bá gbóná, tí iṣan bá fara pa, tí oòrùn bá sun awọ, JNK tó jẹ́ kinase ìpọ́njú á dìde. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe é. DNA fáírọ́ọ̀sì tó sùn máa ń wé mọ́ purotéènì kan tó ń jẹ́ histone, bí òwú ṣe ń wé mọ́ kẹ̀kẹ́. Sẹ́ẹ̀lì á wá lu èdìdì mọ́ histone yẹn: methyl, tó túmọ̀ sí "ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u". Èèyàn á rò pé kó tó lè jí, ó di dandan kí wọ́n ká èdìdì yẹn kúrò. Rárá o. Níbẹ̀rẹ̀, èdìdì ṣì wà níbẹ̀. JNK á mú kí wọ́n lẹ phosphate kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, phosphate yẹn á sì bò ó mọ́lẹ̀ débi pé àwọn tó yẹ kó kà á ò ní lè kà á mọ́. Òwú á tú. Jíìnì á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Iṣan dá àrokò ìpọ́njú yìí sílẹ̀ fún ìgbàlà ara tirẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì kọ́ láti máa kà á. Tí mo bá ní kí n ro ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, mo gbà pé bí eku ṣe ń sá kúrò nínú ilé tó ń jó ni: ilé tó fẹ́ wó kì í ṣe ibi tí àlejò ń sùn sí, kó tètè jáde, kó wá ilé mìíràn.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, ẹ̀fọn jẹ yín, ibà dé, ara gbóná, àwọn ìkéde bíi IL-1 tí ara fi ń bá ibà jà kún inú yín, iṣan ojú gbọ́, ó gbọ̀n. Ẹni tó ti sùn síbẹ̀ láti ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé gbọ́ bákan náà. Kò sí ẹnu tuntun kankan nínú rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · 3:50 ọ̀sán

Olúwa á bá mi bù kún ẹ. Oòrùn tí o dárúkọ yẹn ńkọ́? Oòrùn Abuja láàárín oṣù kẹta sí ìkẹrin yìí, kò sí ibi tí a fẹ́ sá sí.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 3:58 ọ̀sán

Kì í ṣe ooru rẹ̀ mà, ìtànṣán UV inú rẹ̀ ni. Fìlà tó ní etí, ìborùn, tàbí ìpara ètè tó ń dí UV. Ooru inú yàrá láìsí iná ò ṣe é ní nǹkan kan, bó tilẹ̀ ń ṣe wá.

Bàbá_Sábó_Kánò · 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ó yé mi wàyí. Ìgbà kan, nǹkan yọ sí mi níhà ọ̀tún nìkan, láti ẹ̀yìn yí wá sí àyà, bí ẹni fi ìgbànú iná dì mí. Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n ní oúnjẹ tí mo jẹ ló bá mi jà, wọ́n fún mi ní oògùn aràn. Ìbátan rẹ̀ nìyẹn?

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa · 4:19 ìrọ̀lẹ́

Ìbátan rẹ̀ pọ́ńbélé, bàbá. Shingles ni. Chicken pox tí ẹ ṣe ní kékeré ló padà jáde. Ẹyọ iṣan kan ló gbà, ìdí nìyẹn tí kò fi ré kọjá sí ìhà kejì. Oògùn aràn kẹ̀!

Tẹ́líkọ̀m_Wuse · 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gbẹ́ni Zaria, báwo lẹ ṣe ń rí àwọn phosphate yìí gan-an? Ojú ò lè rí i.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 6:25 ìrọ̀lẹ́

Ìtàn ìbànújẹ́ ni ẹ béèrè yẹn.

Sẹ́ẹ̀lì Vero, tí wọ́n mú láti inú kíndìnrín ọ̀bọ, la fi ń sin fáírọ́ọ̀sì, torí Vero ò lè ṣe interferon. Kò lè ké, nítorí náà fáírọ́ọ̀sì ń ráyè. Tó bá wà lálàáfíà, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń so kọ́ ara wọn bí àpáàdì tí wọ́n fi tẹ́ ìta nílé Ifẹ̀. Ní nǹkan bíi wákàtí 24 lẹ́yìn tí mo bá bu fáírọ́ọ̀sì sí i, wọ́n á ká jọ, wọ́n á yí rìbìtì bí àkàrà kéékèèké, wọ́n á sì máa ṣí kúrò nílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ igbe, sẹ́ẹ̀lì tó lè ké lẹ ó lò. Tèèyàn ni mo lò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ó fọ́ wọn, ẹ ó sì wá èròjà kan tó ń dá eIF2-alpha mọ̀ kìkì tí phosphate bá wà lára rẹ̀. Tó bá wà, ilà dúdú á yọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí ẹ ṣe fọ́ sẹ́ẹ̀lì, gbogbo phosphatase inú rẹ̀ á tú síta, wọ́n á máa ṣí phosphate kiri. Orí yìnyín lẹ gbọ́dọ̀ ti ṣe é, pẹ̀lú oògùn tó ń dè wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ̀rọ yìnyín wa ò ṣiṣẹ́ torí iná. Mo lọ ra yìnyín lọ́wọ́ ìyá tó ń ta omi inú ọ̀rá lẹ́nu géètì, mo fi òòlù fọ́ ọ. Oòrùn ń ràn. Nígbà tí mo fi wo ilà, ibi fáírọ́ọ̀sì tí kò ní ICP34.5, tó yẹ kó dúdú bí èédú, funfun báláú ni. Mo ti fẹ́ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pé fáírọ́ọ̀sì ti rí ọ̀nà mìíràn, orí mi ti wú. Ìgbà tí mo wo gbogbo ihò yòókù, títí kan èyí tí mo fi májèlé sí kó lè dúdú dandan, gbogbo rẹ̀ funfun. Yìnyín ti yọ́ tán kí n tó débẹ̀. Èmi ni mo jẹ́ ICP34.5 lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́líkọ̀m_Wuse · 6:31 ìrọ̀lẹ́

😂😂😂 Ó mà ṣe o.

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa · 6:48 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, fáírọ́ọ̀sì tí kò ní ICP34.5 tí o dárúkọ, ṣé kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ nìyẹn?

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 7:02 alẹ́

Orí ìlànà kan náà ni mà. T-VEC lorúkọ rẹ̀, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2015 fún melanoma, jẹjẹrẹ awọ. Wọ́n yọ ICP34.5 kúrò. Tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì tó pé, PKR á ti ìdáná pa, kò ní rí nǹkan jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ti ba àwọn àrokò ìdágìrì tiwọn jẹ́ kí wọ́n lè máa pọ̀. Níbẹ̀ ló ti máa jẹun yó, tí á fi bẹ́ wọn. Wọ́n tún fi jíìnì GM-CSF sí i lára kó lè pe àwọn ọmọ ogun wá síbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · 7:10 alẹ́

Kí ni kí èmi wá lò báyìí? Aciclovir ni ẹni tó wà ní kẹ́míìsì fún mi.

Nọ́ọ̀sì_Gwarinpa · 7:16 alẹ́

Ó dáa. Ìgbà tó bá ń ṣe yín wìnnìwìnnì yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de omi. Tó bá ti di èépá, oògùn ò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe mọ́. Kò sì ní pa èyí tó sùn o. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà náà, ìyẹn gan-an ló ń yọ mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ọmọ_Ògbómọ̀ṣọ́_Zaria · 7:24 alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un: aciclovir tí ẹ lò yẹn, òkú ni nígbà tó bá wọ sẹ́ẹ̀lì tó pé. Kinase fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló ń lẹ phosphate àkọ́kọ́ mọ́ ọn, tí yóò fi di májèlé fún un. Àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń di àrokò ayédèrú. Gertrude Elion wà lára àwọn tó ṣe oògùn yẹn, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1988.

Ìyá_Ìbejì_Kubwa · Sọ́ńdè, 2:40 ọ̀sán

Mo ti ṣe àyẹ̀wò, ibà ni lóòótọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn rẹ̀.

Ọkọ mi ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ìgbà tó yá ló ní òun rántí pé nígbà tí òun wà ní káńpù àgùnbánirọ̀ ní Plateau, tí òtútù àti ibà pa òun pọ̀, nǹkan kan yọ sí òun létí ètè, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó sì tún yọ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Mo ní, "ẹnu ta ni?" Kò dá mi lóhùn. Ó ti wà níwájú dígí láti ìgbà tí a ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ń fi ìka tẹ ètè ara rẹ̀.